Ṣíṣètò àkókò ìṣáná ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́

Ṣíṣètò àkókò ìṣáná, tí àwọn mẹkáníìkì ní Èkó ń pè ní táímìn, ni iṣẹ́ títò ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kí plọ́ọ̀gì lè ju iná sí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ ní àkókò gan-an tí ó yẹ. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ tí ó ní kọ́ntáàtì àti dísítíríbútọ̀, ọwọ́ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí: a ó tú bóòtù kan, a ó yí dísítíríbútọ̀ díẹ̀, a ó sì fún bóòtù náà le padà. Dígírì mélòó kan péré ni ó wà láàárín ẹ́ńjìnnì tí ó ń fa ẹrù gòkè wọ́ọ́rọ́ àti èyí tí ó ń mu epo bí omi, tí ó ń gbóná jù, tàbí tí orí píṣítìnì rẹ̀ ń jó.

Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, kì í ṣe òpin rẹ̀. Irú epo tí a ń rà, bí kọ́ntáàtì ṣe jẹ tó, àti bí ẹrù ṣe wúwo tó máa ń pinnu bóyá nọ́ńbà náà ṣì tọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn onímọ́tò ní ìjọba ìbílẹ̀ Alimọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgàndò, Ìdímù àti Ìpájà, níbi tí ọkọ̀ àtijọ́ ti ń ru ẹrù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti oòrùn gbígbóná.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù inú ọkọ̀ akẹ́rù jẹ́ onírìn mẹ́rin. Nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, píṣítìnì máa ń sọ̀kalẹ̀ láti fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé, yóò gòkè láti fún wọn pọ̀, iná yóò ràn, yóò sì tì í sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú agbára, lẹ́yìn náà ni yóò tún gòkè láti lé èéfín jáde. Kránkì, irin tí ó ń sọ ìlọsókè-sódò píṣítìnì di yíyípo, máa ń yí ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìrìn mẹ́rin yìí. Ìyípo kan jẹ́ dígírì 360, nítorí náà ìrìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba dígírì 720. Ibi gíga jù lọ tí píṣítìnì ń dé ni a ó máa pè ní òkè téńté nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Epo inú sílíńdà kì í jó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Iná máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu plọ́ọ̀gì, a sì máa ràn kiri bí iná ṣe ń ràn nínú pápá gbígbẹ. Ó gba àkókò díẹ̀ kí agbára rẹ̀ tó dé góńgó. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ni pé kí agbára náà dé góńgó nígbà tí píṣítìnì ti kọjá òkè téńté díẹ̀, ní nǹkan bíi dígírì 10 sí 15, kí ó lè ti píṣítìnì sísàlẹ̀ lọ́nà tí ó rọrùn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, plọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ti ju iná kí píṣítìnì tó dé òkè. Ìdí nìyí tí ìwé ọkọ̀ fi máa ń sọ pé kí a ṣáná ní dígírì mélòó kan ṣáájú òkè téńté.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìṣáná gbọ́dọ̀ máa yá sí i. Ìṣirò díẹ̀ fi èyí hàn. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń yí ní ìgbà 600 nínú ìṣẹ́jú kan ń kọjá dígírì 3.6 nínú ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Bí ó bá yí dé 3,000, yóò kọjá dígírì 18 nínú ìwọ̀n àkókò kan náà. Bí iná bá nílò ìdá 2 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá láti jó dáadáa, kránkì yóò ti yí dígírì 7.2 nínú ti àkọ́kọ́, yóò sì ti yí dígírì 36 nínú ti èkejì. Ní tòótọ́, ìyára ẹ́ńjìnnì máa ń ru afẹ́fẹ́ inú sílíńdà sókè, èyí sì ń mú kí iná yára ràn, nítorí náà ìyàtọ̀ náà kì í pọ̀ tó báyìí. Síbẹ̀, iye dígírì kan ṣoṣo kò lè tó fún gbogbo ìyára.

Àwọn ẹ̀yà tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà

Bátìrì ni orísun iná mànàmáná. Ìṣàn náà máa ń gba ọ̀nà kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ sí kọ́ìlì, láti ibẹ̀ ni ó ti ń lọ sí kọ́ntáàtì inú dísítíríbútọ̀. Kọ́ntáàtì jẹ́ irin kékeré méjì tí ń fara kan ara wọn tí ó sì ń yà kúrò lára ara wọn. Nígbà tí wọ́n bá fara kan ara wọn, kọ́ìlì máa ń gba agbára. Ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bá yà, ìṣàn já, kọ́ìlì yóò sì tu agbára náà jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì. Rótọ̀ tí ó ń yí lábẹ́ ọmọrí dísítíríbútọ̀ ni ó ń pín in fún plọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ó ti kàn án. Kọ̀ndẹ́ńsà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ntáàtì kì í jẹ́ kí iná máa jó ẹnu rẹ̀.

Láti inú àlàyé yìí ni òfin tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ náà ti wá: ìgbà tí kọ́ntáàtì bá yà ni plọ́ọ̀gì ń ju iná. Ẹni tí ó bá ń ṣètò táímìn ń wá ibi tí kọ́ntáàtì ti ń yà, ó sì ń mú un bá ibi tí píṣítìnì wà mu.

Dísítíríbútọ̀ máa ń yí ní ìdajì ìyára kránkì. Nítorí náà, bí a bá yí ara dísítíríbútọ̀ ní dígírì 1, táímìn yóò yí padà ní dígírì 2 lórí kránkì. Ohun tí ojú rí bí ìṣípòpadà kékeré lè jẹ́ àṣìṣe ńlá.

Ohun méjì mìíràn wà nínú dísítíríbútọ̀ tí ó ń yí táímìn padà fúnra rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Èkíní ni irin wíwúwo kékeré méjì tí ó ń fẹ̀ síta nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yára, tí sípíríìnì sì ń fà padà nígbà tí ó bá rọra. Èkejì ni agolo pẹlẹbẹ kan tí rọ́bà tín-ín-rín so mọ́ kábúrétọ̀. Ó ń mú kí ìṣáná yá sí i nígbà tí awakọ̀ kò bá tẹ tọ́tù púpọ̀. Bí sípíríìnì bá ti rọ̀, tàbí tí rọ́bà bá ti já, táímìn tí a ṣètò dáadáa nígbà tí ọkọ̀ dúró yóò bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Ìtàn

Nikolaus Otto ará Jámánì ni ó ṣe ẹ́ńjìnnì onírìn mẹ́rin tí ó kẹ́sẹ járí ní ọdún 1876. Ní ọdún 1902, Gottlob Honold, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ Robert Bosch, ṣe ẹ̀rọ tí ó ń fi agbára iná mànàmáná gíga ṣáná láìlo bátìrì. Charles Kettering ará Amẹ́ríkà ni ó ṣe irú ìṣètò bátìrì, kọ́ìlì àti kọ́ntáàtì tí ọkọ̀ púpọ̀ lò lẹ́yìn náà. Àwọn ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1910 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó.

Nínú ọkọ̀ ìgbà àkọ́kọ́, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń yí táímìn bí ó ṣe ń wakọ̀. Ford Model T, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1908 sí 1927, ní ọ̀pá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdarí ọkọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kí a tó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì láti tan án, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú kí ìṣáná pẹ́. Ẹni tí ó bá gbàgbé, ẹ́ńjìnnì lè ta padà, irin tí ó fi ń yí i a sì ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́.

Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ akẹ́rù Bedford ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ilé-iṣẹ́ Vauxhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bedford ní ọdún 1931, ilé-iṣẹ́ UAC sì ń to àwọn kan pọ̀ ní Àpápá. Àwọn káfíńtà ń fi pákó kan ara sí i lẹ́yìn, ó sì di ọkọ̀ tí ń kó èrò àti ẹrù pọ̀, tí àwọn ènìyàn sọ ní bọ́lẹ̀kájà, ìyẹn ni pé "bọ́ sílẹ̀ kí á jà". Bedford TJ tí ó jáde ní ọdún 1958 ní oríṣi tí ó ń lo bẹntiróòlù, tí sílíńdà rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, àti oríṣi tí ó ń lo dísẹ́ẹ̀lì.

Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ojú ọ̀nà Bàdágìrì. Ọ̀jọ́ kò jìnnà sí Alimọ̀ṣọ́: ọ̀nà tí ó ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wá sí Ìṣẹ́rí gba Ìgàndò kọjá. Peugeot 504 àti bọ́ọ̀sì Volkswagen tí ó di dáńfó ní kọ́ntáàtì àti dísítíríbútọ̀, èyí sì mú kí ìmọ̀ táímìn tàn kálẹ̀ láàárín àwọn mẹkáníìkì Èkó àti àwọn ọmọ-iṣẹ́ wọn.

Láti àárín ọdún 1970 síwájú, àwọn ilé-iṣẹ́ ní òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ẹ̀lẹ́ẹ̀tíróníìkì rọ́pò kọ́ntáàtì. Lẹ́yìn náà ni kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀sì, gba iṣẹ́ náà pátápátá.

Bí a ṣe ń ṣètò rẹ̀

Àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: sípánà, sukudíráfà, fíìlà gẹ́ẹ̀jì, tí í ṣe ewé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo, àti tẹ́sítà onígílóòbù kékeré. Bí iná ìwò táímìn bá wà, iṣẹ́ náà yóò péye sí i. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí bíréèkì ọwọ́ ó di í mú, kí jíà sì wà ní ipò òfo.

1. Ṣíṣètò àlàfo kọ́ntáàtì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà ní pípa. A ó yí kránkì títí kọ́ntáàtì yóò fi yà dé ibi tí ó fẹ̀ jù, a ó sì wọn àlàfo rẹ̀. Mìlímítà 0.4 ni ti bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ ni kí a tẹ̀ lé. Bí ẹnu kọ́ntáàtì bá ti jó tàbí tí ó ti gbẹ́ kòtò, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Àlàfo ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe, nítorí pé bí a bá yí àlàfo padà, táímìn yóò yí padà tẹ̀ lé e: bí àlàfo bá fẹ̀ sí i, ìṣáná yóò yá sí i, bí ó bá dín, ìṣáná yóò pẹ́.

2. Wíwá òkè téńté sílíńdà kìíní. A ó yọ plọ́ọ̀gì sílíńdà kìíní, a ó fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀, a ó sì máa yí kránkì síbi tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí sí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti àtàǹpàkò jáde, píṣítìnì ń gòkè láti fún epo pọ̀. Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni píṣítìnì máa ń dé òkè nínú ìrìn mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú rẹ̀ ni plọ́ọ̀gì sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́.

3. Mímú àmì bá ara mu. Lára púlì kránkì tàbí fuláíwíìlì ni a ti ń rí àmì. A ó yí kránkì títí àmì dígírì tí ìwé ọkọ̀ sọ yóò fi dojú kọ ọ̀kánkán rẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì. Bí a bá kọjá rẹ̀, kí a dá kránkì padà sẹ́yìn dáadáa kí a tó tún yí i bọ̀, kí wúruwùru inú jíà má bàa ṣì wá lọ́nà. Bí a bá ṣí ọmọrí dísítíríbútọ̀ ní àkókò yìí, rótọ̀ gbọ́dọ̀ dojú kọ wáyà plọ́ọ̀gì kìíní.

4. Wíwá ibi tí kọ́ntáàtì ti ń yà. A ó tú bóòtù tí ó di dísítíríbútọ̀ mú díẹ̀. A ó so ẹnu tẹ́sítà kan mọ́ ojú kọ́ìlì tí wáyà rẹ̀ lọ sí dísítíríbútọ̀, a ó so ìkejì mọ́ irin ara ọkọ̀, a ó sì ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì. A ó kọ́kọ́ yí ara dísítíríbútọ̀ síbi tí rótọ̀ ń yí sí títí iná tẹ́sítà yóò fi kú; ìyẹn ni pé kọ́ntáàtì ti fara kan ara wọn. Lẹ́yìn náà, a ó rọra yí i padà ní òdìkejì. Ní kété tí iná náà bá tàn, kọ́ntáàtì ṣẹ̀ṣẹ̀ yà nìyẹn. Ibẹ̀ ni kí a ti fún bóòtù le.

5. Títún un yẹ̀ wò. Fífún bóòtù le lè mú dísítíríbútọ̀ ṣípò. Nítorí náà, a ó pa kọ́kọ́rọ́, a ó yí kránkì yípo méjì gbáko, a ó tún ṣí kọ́kọ́rọ́, a ó sì wò bóyá tẹ́sítà yóò tàn ní ojú àmì kan náà.

6. Wíwò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Iná ìwò táímìn máa ń kọ mànà ní gbogbo ìgbà tí plọ́ọ̀gì kìíní bá ju iná, èyí sì ń mú kí àmì ara púlì dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan. Bí ìwé ọkọ̀ bá ní kí a yọ rọ́bà kábúrétọ̀ kí a sì dí i, kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Bí a bá tẹ tọ́tù, àmì náà gbọ́dọ̀ rìn lọ síbi tí ìṣáná ti ń yá. Bí kò bá kúrò lójú kan, irin wíwúwo inú dísítíríbútọ̀ ti há.

7. Ìdánwò ojú ọ̀nà. A ó gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí ó ga díẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti móoru, a ó sì tẹ́tí sí i. Bí ó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, a ó mú kí ìṣáná pẹ́ díẹ̀, dígírì kan tàbí méjì lórí kránkì, a ó sì tún gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ètò bí plọ́ọ̀gì ṣe ń tẹ̀ léra náà gbọ́dọ̀ tọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tí ó tò sójú kan, títí kan ti Bedford, ètò náà ni 1-5-3-6-2-4. Ti Peugeot 504 onísílíńdà mẹ́rin ni 1-3-4-2, ti bọ́ọ̀sì Volkswagen tí afẹ́fẹ́ ń tù lára sì ni 1-4-3-2. Bí a bá gbé wáyà méjì fún ara wọn, kò sí bí a ṣe lè yí dísítíríbútọ̀ tó tí ẹ́ńjìnnì yóò fi dúró dáadáa.

Àmì táímìn tí kò tọ́

Bí ìṣáná bá yá jù, iná yóò ti dé góńgó nígbà tí píṣítìnì ṣì ń gòkè. Ẹ́ńjìnnì yóò ṣòro tan, pàápàá nígbà tí ó bá gbóná, sítátà yóò sì máa fà á pẹ̀lú ìjàkadì. Bí ẹrù bá wà nínú ọkọ̀, a ó máa gbọ́ ìró bí ìgbà tí ènìyàn ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Èyí ni epo tí ó ń bú gbàmù fúnra rẹ̀ ní igun sílíńdà kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ibẹ̀. Bí ó bá pẹ́ lórí rẹ̀, ó lè lu orí píṣítìnì, ó lè já tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, ó sì lè ba mẹ́tà kránkì jẹ́.

Bí ìṣáná bá pẹ́ jù, epo yóò ṣì máa jó nígbà tí ó yẹ kí ó ti di èéfín. Ọkọ̀ kò ní lágbára, awakọ̀ yóò máa tẹ tọ́tù púpọ̀, epo yóò sì máa tán kíákíá. Ooru yóò kọjá sí fálúfù àti páìpù èéfín, omi inú ẹ́ńjìnnì yóò sì máa hó. Nígbà mìíràn sàlẹ́ńsà yóò máa yìnbọn.

Àwọn ará Èkó máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì "ti nọ́ọ̀kì" nígbà tí mẹ́tà rẹ̀ bá ti jẹ tàbí tí kránkì ti bàjẹ́. Ìyẹn yàtọ̀ sí ìró ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tí a ń sọ níhìn-ín. Ìró mẹ́tà máa ń wúwo, ó máa ń dún láti ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kò sì ní lọ bí a bá yí dísítíríbútọ̀. Ìró táímìn máa ń fẹ́lẹ́, ó máa ń dún nígbà tí ẹrù bá wúwo, ó sì máa ń dákẹ́ nígbà tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì lè dá ara rẹ̀ sí lọ́wọ́ owó títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìró kejì sílẹ̀ láìtọ́jú, ó lè di ti àkọ́kọ́.

Epo àti táímìn

Agbára epo láti má ṣe bú gbàmù fúnra rẹ̀ ni a ń fi nọ́ńbà ọ́kítéènì wọ̀n. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni epo náà ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ àti ìṣáná tí ó yá. Ní ọdún 1921, Thomas Midgley, tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Kettering, rí i pé àpòpọ̀ òjé kan máa ń dá ìró ẹ́ńjìnnì dúró. Wọ́n sì ń fi òjé sínú bẹntiróòlù káàkiri ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ májèlé tí ó ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà pàdé ní Dakar, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan láti fi òpin sí i. Nígbà tí ọdún 2006 fi bẹ̀rẹ̀, òpin ti dé bá títà rẹ̀ ní agbègbè náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fún àyíká kéde pé kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ṣì ń tà á fún ọkọ̀ mọ́.

Àyípadà yìí kan táímìn ní tààrà. Ọ̀pọ̀ ìwé ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n kọ nígbà tí òjé ṣì wà nínú epo. Bí epo tí ó wà ní ọjà lónìí kò bá ní ọ́kítéènì tó ti ìgbà náà, nọ́ńbà inú ìwé lè yá jù fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹntiróòlù tí wọ́n fi kẹrosíìnì lú: ọ́kítéènì kẹrosíìnì kéré púpọ̀, ìwọ̀n díẹ̀ nínú rẹ̀ sì lè mú kí ẹ́ńjìnnì máa dún. Mímú kí ìṣáná pẹ́ yóò dá ìró náà dúró, ṣùgbọ́n agbára ọkọ̀ yóò dín, epo yóò sì máa lọ sí i. Ìwòsàn epo burúkú ni epo rere.

Owó epo ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ńlá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde òpin ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, iye owó lítà kan bẹntiróòlù ní àwọn ilé epo NNPC ní Èkó fò láti iye tí kò tó náírà 200 sí náírà 488, ó sì tún ga sí i lẹ́yìn náà. Táímìn tí ó pẹ́, tí awakọ̀ lè fara mọ́ nígbà tí epo wà ní ọ̀pọ̀, wá di owó tí ó ń jò dànù lójoojúmọ́.

Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń rọ àwọn onímọ́tò láti lo gáàsì CNG. Ọ́kítéènì gáàsì yìí ga ju ti bẹntiróòlù lọ, iná rẹ̀ sì máa ń rọra ràn. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì tí a bá yí padà sí gáàsì nílò ìṣáná tí ó yá sí i. Bí ọkọ̀ náà bá ń lo epo méjèèjì, táímìn gáàsì lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ nígbà tí awakọ̀ bá padà sí bẹntiróòlù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tí ó ń yí táímìn padà kún un.

Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

- Fífi etí nìkan ṣe é. Àwọn kan máa ń yí dísítíríbútọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, wọ́n á sì dì í síbi tí ìró rẹ̀ ti yára jù. Ibi tí ó ti ń yára jù lórí ìdúró sábà máa ń yá jù fún ọkọ̀ tí ó ru ẹrù. Etí wúlò fún àyẹ̀wò ìkẹyìn. Kò lè rọ́pò àmì.
- Gbígbẹ́kẹ̀lé àmì ara púlì láìyẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tàbí èyí tí a ti tún ṣe, púlì lè má jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì náà. Rọ́bà tí ó wà láàárín púlì oríṣi kan náà lè yọ̀, kí àmì sì ṣípò. Kí a wo òkè téńté láti ihò plọ́ọ̀gì kí a tó gba àmì gbọ́.
- Yíyí táímìn láti bo àìsàn mìíràn. Kábúrétọ̀ tí ó dí, plọ́ọ̀gì tí ó ti kú, fálúfù tí ó jò àti kúlọ̀ tí ó dí lè fara jọ táímìn tí kò tọ́.
- Gbígbàgbé kọ́ntáàtì. Gìgísẹ̀ kọ́ntáàtì máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo rẹ̀ a sì máa dín, ìṣáná a sì máa pẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nítorí náà ni táímìn fi jẹ́ iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ máa tún ṣe látìgbàdégbà.

Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá àti típà tí ó ń gba ojú ọ̀nà Ìkòtún àti Ìgàndò kò ní plọ́ọ̀gì tí ń ju iná rárá. Mercedes-Benz 911, tí wọ́n ti kan ara ọ̀pọ̀ mọ́lùẹ̀ lé lórí, jẹ́ àpẹẹrẹ wọn. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń gbóná débi pé epo yóò gbiná fúnra rẹ̀ ní kété tí a bá fín in sínú sílíńdà. Wọ́n ní táímìn tiwọn, ṣùgbọ́n àkókò fífín epo ni, kì í ṣe àkókò ìṣáná. Ibi tí pọ́ǹpù epo ti wọ jíà ẹ́ńjìnnì ni a ti ń ṣètò rẹ̀, iṣẹ́ àwọn tí ó mọ pọ́ǹpù náà dunjú ni.

Ìṣọ́ra

Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì àti bẹ́líìtì lè gé ìka tàbí kí ó fa aṣọ. Iná ìwò táímìn sì tún ń mú kí ohun tí ń yí dà bí ohun tí ó dúró. Kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ má ṣe wọ agbádá tàbí ẹ̀wọ̀n ọrùn. Agbára iná láti kọ́ìlì lè ju ènìyàn dànù, nítorí náà a kì í di wáyà plọ́ọ̀gì mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Òórùn bẹntiróòlù lè gbiná láti ara kọ́ntáàtì tí ó ṣí sílẹ̀. Èéfín ọkọ̀ ní gáàsì carbon monoxide tí kò ní òórùn tí ó sì ń pani, nítorí náà a kì í tan ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tí a tì pa.

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí, láti ìgbà ọmọ-iṣẹ́ títí di ọjọ́ ìgbòmìnira. Iṣẹ́ táímìn sábà máa ń pa mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì àti oníwáyà ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní rìwáyà, pọ̀: ti rìwáyà ni kọ́ìlì, kọ̀ndẹ́ńsà àti wáyà, ti mẹkáníìkì ni kránkì, fálúfù àti kábúrétọ̀. Ẹ̀kọ́ àtúnṣe ọkọ̀ tún wà lára iṣẹ́ tí NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, ń ṣe ìdánwò lé lórí.

Bí ọkọ̀ oníkọ̀ǹpútà ti ń pọ̀ sí i, àwọn ọmọ-iṣẹ́ tí ó ń fọwọ́ kan kọ́ntáàtì ń dín kù. Síbẹ̀, ohun tí bíréènì bọ́ọ̀sì ń ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí sukudíráfà àti tẹ́sítà ń ṣe: ó ń wá ibi tí píṣítìnì wà, ó ń wo ìyára ẹ́ńjìnnì àti bí ẹrù ṣe wúwo tó, ó ń tẹ́tí sí ìró inú sílíńdà, ó sì ń yan dígírì tí ó yẹ. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣètò táímìn ọkọ̀ àtijọ́ yóò tètè lóye ohun tí ẹ̀rọ ìwádìí àìsàn ọkọ̀ ń sọ fún un.